Ẹni tí òtútù ń mú jù nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ fi ra bàágì: àlàyé fún lọ́kọláya tó fẹ́ sùn nínú tẹ́ńtì nígbà òtútù

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa tó wà ní UK níbí máa ń bi mí jù, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé èmi àti bàbá ọmọ mi máa ń lọ sùn nínú tẹ́ńtì ní Scotland nígbà òtútù, ni pé ẹni méjì tó bá sùn pọ̀, ṣebí ara wọn á máa mú ara wọn móoru ni, kí ló wá kù tí wọ́n á tún máa rà? Ìbéèrè gidi ni, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ lọ́kọláya rèé: wọ́n á lọ ra sleeping bag méjì, ìyẹn àpò tí èèyàn ń wọnú ẹ̀ sùn, wọ́n ti kọ -5 (dígírì Celsius) gàdàgbà sí i lára, wọ́n á dé orí òkè, òtútù ò tiẹ̀ ju -1 lọ, ọkọ á sùn fọnfọn, ìyàwó á máa gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó di àárọ̀ ìjà dé, ọkọ á ní "irú bàágì kan náà la jọ rà, kí ló dé tí tìẹ fi yàtọ̀?", ìyàwó á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe ayédèrú. Nọ́mbà yẹn gan-an ni ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún wọn, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀.

Bàágì kì í mú èèyàn gbóná o, kò sí iná nínú ẹ̀. Ara yín ló ń ṣe ooru, iṣẹ́ bàágì ò ju kó dí ooru yẹn lọ́nà kó má tètè sá lọ, bíi fúláàsìkì gẹ́lẹ́, omi gbígbóná tẹ́ ẹ bá dà sí i ló máa tọ́jú fún yín, tó bá sì jẹ́ omi tútù lẹ dà sí i, omi tútù náà lẹ máa bá níbẹ̀ láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti ń gbọ̀n kó tó wọ bàágì á fi máa gbọ̀n lọ nínú ẹ̀. Ẹ má wọlé sùn pẹ̀lú òtútù lára. Ẹ rìn yí tẹ́ńtì ká, ẹ fò sókè sódò díẹ̀, ẹ jẹun, kí ara ti móoru kẹ́ ẹ tó wọlé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di òógùn, torí òógùn yẹn á tutù mọ́ yín lára tó bá yá.

Nọ́mbà wá ńkọ́? Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ ISO 23537, EN 13537 ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ ní Yúróòpù, òun ni wọ́n fi ń wọn bàágì. Wọ́n á mú ọmọlangidi tó ga tó èèyàn, tí iná ń mú ara ẹ̀ gbóná, wọ́n á wọ aṣọ fún un, wọ́n á tì í sínú bàágì nínú yàrá tútù, wọ́n á wá máa wo bí ooru ṣe ń jáde lára ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ nọ́mbà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ comfort, ìyẹn ìwọ̀n òtútù tí obìnrin lè na ara sùn sí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ìkejì ń jẹ́ limit, èyí tí ọkùnrin lè sùn sí tó bá ká ara ẹ̀ kò, tí òtútù ò ní jí i, àmọ́ ó ti dé etí ibi tó lè fara dà nìyẹn. Ìkẹta ń jẹ́ extreme, òun ló sì ń tan èèyàn jù, torí àwọn kan á rò pé agbára bàágì ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé obìnrin lè wà nínú ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kí òtútù má tíì pa á. Wọn ò ní ó máa rí oorun sùn, wọn ò sì ní kí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ má bàjẹ́.

Ẹ wá wò ó, bàágì tí comfort ẹ̀ bá jẹ́ 0, limit ẹ̀ lè jẹ́ -5 tàbí -6, extreme ẹ̀ sì lè já sí -22, bàágì kan ṣoṣo náà ni. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló jẹ́ pé -5 yẹn ni wọ́n máa kọ síwájú, wọn ò purọ́, ti ọkùnrin ni wọ́n kọ. Comfort á wà lára lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan nínú, tàbí lẹ́yìn páálí. Òun ni kẹ́ ẹ wá rí kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá ní ojú ọjọ́ máa jẹ́ -3 lóru, ẹ wá bàágì tí comfort ẹ̀ tó -8, torí ọmọlangidi inú yàrá yẹn, ebi ò pa á, kò rẹ̀ ẹ́, kò sì rin òkè látàárọ̀. Ẹ fi owó sí ti ẹni tí òtútù ń mú jù nínú yín, ẹnì kejì lè mú èyí tó fúyẹ́. Ẹ má ra méjì tó jọra kẹ́ ẹ lè ní ó bára mu.

Ó sì dùn mí tí àwọn ọkọ bá ń sọ pé àkẹ́jù ni ìyàwó àwọn ń ṣe. Iṣan ara ló ń ṣe ooru, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ní iṣan ju obìnrin lọ. Tí òtútù bá dé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ wá sí àyà àti ikùn, ti obìnrin sì máa ń tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wọn fi máa ń tutù kó tó di pé ọkọ mọ̀ pé òtútù ti dé rárá. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé ọkùnrin ni òtútù ń mú, pàápàá tó bá tín-ín-rín tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ẹ kàn bára yín sọ òótọ́ kẹ́ ẹ tó lọ ra nǹkan.

Ohun kejì tó máa ń rú èèyàn lójú ni ilẹ̀. Àwọn èèyàn á ra bàágì olówó gọbọi, wọ́n á wá tẹ́ ẹ lé airbed tí wọ́n fi ń gba àlejò nílé, èyí tó ga, tó nípọn, wọ́n á ní ilẹ̀ ti jìnnà sí àwọn. Airbed yẹn gan-an ni ọ̀tá. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á sì máa yí kiri, á máa gbé ooru ẹ̀yìn yín lọ bá ilẹ̀, á máa gbé òtútù ilẹ̀ wá bá yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàágì náà ò sì lè gbà yín lábẹ́, torí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí òwú àtọwọ́dá tó wà nínú ẹ̀, tí ara bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, kò sí àyè tó máa di ooru mú mọ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Òtútù tó bá ń bọ̀ látòkè, ojú àti èjìká ló máa kọ́kọ́ mú, èyí tó bá ń bọ̀ látinú ilẹ̀, egungun ìdí ló ń bá jà, á dà bíi pé ibi tẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ lé ló tutù, ẹ yí padà, kò pẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì náà á bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rí báyẹn, aṣọ tẹ́ ẹ bá kó lé orí ò ràn yín lọ́wọ́, abẹ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Ẹní tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpàgọ́ ní nọ́mbà tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní R-value, bó bá ṣe ga sí ló ṣe ń dí òtútù sí. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ìlànà ASTM F3340 jáde ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà, ẹ lè fi ti ilé iṣẹ́ kan wé ti èkejì láìbẹ̀rù. Ti ìgbà ooru máa ń jẹ́ 1 sí 2. Tí ilẹ̀ bá máa dì, ẹ wá 4 sókè, tó bá jẹ́ orí sínóò, 5 sókè. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ẹ lè rò ó pọ̀: ẹní fóòmù tí R-value ẹ̀ jẹ́ 2, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sábẹ́ èyí tó jẹ́ 3, 5 lẹ ní yẹn, fóòmù ò sì wọ́n. Tówó bá kéré, ẹ kọ́kọ́ ra ẹní tó dáa kẹ́ ẹ tó ronú kan bàágì.

Ó wá kan sísùn pọ̀. Òótọ́ ni pé ẹ lè fi sípù so bàágì méjì pọ̀ di ẹyọ kan, tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ń ṣí lọ́tùn-ún, èkejì lósì, tí sípù wọn sì bára mu, ẹ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ bàágì tẹ́ ẹ so pọ̀ ti fẹ̀, kò ní fìlà tó ń fún mọ́ orí mọ́, àárín ọrùn ẹ̀yin méjèèjì á sì ṣí sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá yí padà ni afẹ́fẹ́ gbígbóná á fẹ́ jáde fùú, tútù á sì rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó ń sùn jẹ́ẹ́ ló máa jìyà ẹni tó ń yí kiri. Ìbọ̀rùn wúlù ńlá kan la máa ń ká sí àárín ọrùn wa láti fi dí ihò yẹn, ó ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro kejì ni àárín ẹní, ẹní méjì tí wọn ò so pọ̀ á máa sún kúrò lára wọn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ dì mọ́ra, orí ilẹ̀ yìnyín lẹ máa bára yín. Ẹ fi okùn tàbí bẹ́líìtì dè wọ́n. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé tí òtútù ò bá tíì kọjá 0, ẹ so ó pọ̀, ó ń móoru, ó sì ń mú ìfẹ́ dùn. Tó bá ti ń lọ sí -5 sísàlẹ̀, kí oníkálukú wọ bàágì tiẹ̀, kó fa fìlà ẹ̀ dé orí, kẹ́ ẹ wá fẹ̀yìn ti ara yín. Ìfẹ́ ò ní bàjẹ́.

Omi tún ni. Èèyàn kan tó sùn mọ́jú, omi tó ń mí jáde lóru súnmọ́ kọ́ọ̀bù kan, ẹ̀yin méjì ẹ jẹ́ kọ́ọ̀bù méjì, tẹ́ ẹ bá sì ti gbogbo ojú tẹ́ńtì pa torí pé ẹ fẹ́ kó móoru, ara tẹ́ńtì nínú ni kọ́ọ̀bù méjì yẹn máa lẹ̀ mọ́. Tí ìta bá tutù gan-an ó máa dì, tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ kan aṣọ tẹ́ńtì láàárọ̀, yìnyín wẹ́wẹ́ á ya bo ojú yín, á yọ́, á wọnú bàágì lọ. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó bá ti rin, ó parí, ó máa lẹ̀ pọ̀ ni, kò ní di ooru mú mọ́. Nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ńtì sílẹ̀ lókè, kódà nínú òtútù. Mo mọ̀ pé ó ń dún bíi pé mo fẹ́ kí òtútù pa yín, àmọ́ tẹ́ńtì ò dá ooru dúró tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dí atẹ́gùn àti òjò, àwọn dígírì mélòó kan tẹ́ ẹ máa pàdánù dára ju kẹ́ ẹ sùn sínú omi lọ. Ẹ má sì bo orí wọnú bàágì kẹ́ ẹ wá máa mí sí i, imú àti ẹnu kó wà níta, fìlà wúlù lórí. Tẹ́ńtì tí wọ́n bá sì kọ ẹni méjì sí, ó há jù fún àsìkò yìí, aṣọ yín pọ̀, bàágì á máa fara kan ara tẹ́ńtì tó tutù. Ti ẹni mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà.

Ibi tó kàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí i. Ẹ má gbé iná kankan wọnú tẹ́ńtì. Kì í ṣe torí pé tẹ́ńtì lè jó nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé, ẹ gbọ́ ìtàn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sí kọ́rídọ̀ tó pa odindi ìdílé mọ́jú. Gáàsì kan náà ni, carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun lásán ni á máa kun èèyàn, orí á máa fọ́ ọ, kò sì ní jí mọ́. Èédú tẹ́ ẹ fi sun ẹran nírọ̀lẹ́ ṣì ń tú u jáde nígbà tẹ́ ẹ bá rò pé ó ti kú, ní UK níbí barbecue kékeré tí wọ́n gbé wọnú tẹ́ńtì nítorí òtútù ti pa àwọn èèyàn, títí kan àwọn tó jẹ́ pé kò sí iná lójú ẹ̀ mọ́. Sítóòfù gáàsì náà ń tú u jáde. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dáná, ìta ni kí èédú sùn. Kò sí òtútù tẹ́ ẹ máa pàdé ní orílẹ̀-èdè yìí tí bàágì tó dáa àti ẹní tó dáa ò lè borí, kò sì sídìí láti fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Gáàsì sítóòfù ń da àwọn èèyàn láàmú láàárọ̀, wọ́n á ní sìlíńdà ti tán, bẹ́ẹ̀ wọ́n mì í, nǹkan ń mì nínú ẹ̀. Kò tán. Butane, ọ̀kan lára àwọn gáàsì tó máa ń wà nínú sìlíńdà, tí òtútù ẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ -0.5 kì í kúrò ní olómi di gáàsì mọ́. Isobutane ń gbìyànjú dé nǹkan bíi -12, propane dé -42. Ẹ wo ara sìlíńdà kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wá èyí tí wọ́n po propane àti isobutane pọ̀ sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ra butane ná, ẹ fi sìlíńdà náà sínú jákẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé e sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi gbígbóná, ẹ má sì fi iná yá a láéláé.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àwọn tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni bí òru ṣe gùn tó. Ní agbègbè Aviemore, láàárín òkè Cairngorms, ní ìparí December, oòrùn á ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, kò ní yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wákàtí mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì nínú tẹ́ńtì tí ò ga tó kẹ́ ẹ dìde dúró, ẹ jọ wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́tàdínlógún, ẹ ti jẹun tán ní aago márùn-ún, fóònù ti kú torí òtútù ń pa bátìrì, kí lẹ fẹ́ ṣe? Mo fẹ́ràn àkókò yẹn gan-an, kò sí ọmọ, kò sí iṣẹ́, a máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí a ò ráyè sọ nílé, àmọ́ ẹ múra sí i: ẹ mú káàdì whot dání, ẹ mú iná orí méjì, fúláàsìkì tíì, ẹ̀pà, ẹ fi fóònù àti bátìrì sínú bàágì mọ́ ara. Tí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín lóru, ẹ dìde lọ tọ̀ ọ́, ẹni tó bá ń dì í mọ́ra kò ní sùn.

Ibi tẹ́ ẹ máa pa tẹ́ńtì sí náà ń rú èèyàn lójú. Gbogbo wa mọ̀ pé orí òkè ló ń tutù, èwo wá ni pé Braemar, ìlú kékeré kan ní Scotland, ni wọ́n ti rí òtútù tó pọ̀ jù ní UK, -27.2, ní February 1895 àti January 1982, bẹ́ẹ̀ inú àfonífojì odò Dee ló wà? Lóru tí kò sí àwọsánmà, tí atẹ́gùn ò fẹ́, afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn látorí òkè wá sílẹ̀, á wá dúró sí ìsàlẹ̀ àfonífojì. Orí òkè gangan ní atẹ́gùn tó ń gba ooru lọ. Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ wá, ibi tó ga díẹ̀ ju odò lọ, tí igbó tàbí àpáta dí atẹ́gùn lọ́wọ́.

Aṣọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kọ́tìnì tó bá rin kì í tètè gbẹ, wúlù ni kẹ́ ẹ wọ̀ mọ́ ara, kẹ́ ẹ sì ní aṣọ kan tó jẹ́ pé ti sísùn nìkan ni, tó gbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ má fún jù, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ò lè móoru. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ dirun, ẹ wọ bónẹ́ẹ̀tì sáténì sábẹ́ fìlà wúlù, wúlù lásán máa ń já irun iwájú, ẹ má sì fọ irun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, irun dídì tó rin nínú kì í tètè gbẹ. Oúnjẹ tó ní ọ̀rá ló ń pẹ́ nínú, ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, èyí tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí jẹ ló dáa, òkèlè á ti tutù kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ẹ da omi gbígbóná sínú ike tó dé dáadáa, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, kí ẹni tí òtútù ń mú fi sáàárín itan, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gba ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ẹ yé mu ọtí nítorí òtútù, ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ, ara á gbóná fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ń sá lọ ni.

Àǹfààní tó tóbi jù nínú kẹ́ ẹ jẹ́ méjì, mi ò rò pé ooru ni. Ojú ni. Tí ooru inú ara èèyàn bá lọ sísàlẹ̀ 35, ọpọlọ ẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kò sì ní mọ̀, ẹlòmíì ló máa rí i. Ẹ máa wo ẹnì kejì yín: ṣé kò lè fa sípù ara ẹ̀ mọ́, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, ṣé ó ń kọsẹ̀, ṣé ó ti ń bínú láìnídìí tàbí tó dákẹ́ jù? Ẹ bọ́ aṣọ tó rin, ẹ wọ èyí tó gbẹ fún un, ẹ wọnú bàágì pẹ̀lú ẹ̀, ẹ fún un ní tíì oníṣúgà tó bá lè gbé e mì, ẹ má máa ra á lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Tó bá ń gbọ̀n, tó wá dá gbígbọ̀n dúró láìjẹ́ pé ara ẹ̀ ti móoru, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pe 999, ẹ ní police lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ pé Mountain Rescue, ìyẹn àwọn tó ń dóòlà èèyàn lórí òkè. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi "register" ránṣẹ́ sí 999 bíi text, kẹ́ ẹ sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá fi dáhùn, torí text máa ń lọ níbi tí ìpè ò ti lè lọ.

Ẹ lè béèrè pé ṣé òfin gbà wá láyè. Ní Scotland, òfin Land Reform ti 2003 gbà yín láyè láti pa tẹ́ńtì sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbayawu láìtọrọ, tẹ́ ẹ bá jìnnà sí ilé èèyàn, tẹ́ ò pẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ò fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Àwọn apá kan ní Loch Lomond ń béèrè ìwé àṣẹ láti March sí September, nígbà òtútù kò kàn yín. England àti Wales, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, àfi apá kan ní Dartmoor, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, níbi tí Supreme Court ti fìdí ẹ̀tọ́ yẹn múlẹ̀ ní May 2025. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi ni pé ẹ lọ sí campsite tí mọ́tò yín máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńtì, ní October, ẹ gbìyànjú gbogbo nǹkan yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, tó bá sú yín ní aago méjì òru ẹ wọ mọ́tò, ẹ máa lọ sílé. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra, ọ̀pọ̀ campsite máa ń tì tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ṣí títí di nǹkan bíi March tàbí April.